Wọ́n Ń Bọ̀ Wá Wo Ilé-Ìwé Wa

Wọ́n da ìdọ̀tí sínú oko kókò Raliat. Ike omi, ọ̀rá bisikíìtì, ìwé tó ti ya, eérú, títí kan àga ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ebè, kókò wà lábẹ́ rẹ̀. Oko náà wà lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àpòmù, ìdọ̀tí kì í sì í fò láti Ìbàdàn wá. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Raliat wé gèlè, ó fọ ọwọ́, kò fọ ẹsẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wọlé. Ó fẹ́ mọ ẹni tó dà á.

Àlejò ni wọ́n ń retí nínú ọgbà. Àwùjọ kan wà ní Òṣogbo tó máa ń fún ilé-ìwé ní àmì-ẹ̀yẹ, bí ilé-ìwé náà bá ń tọ́jú àyíká rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ́tótó, tí ara àwọn ọmọ náà sì ń le. Ilé-Ìwé Aláwọ̀ Ewé ni orúkọ àmì-ẹ̀yẹ náà. Ọ̀gá àgbà, Màdáámù Ọmọ́tóyọ̀sí, gbọ́ "aláwọ̀ ewé," ó ra ọ̀dà. Wọ́n kun ògiri, wọ́n kun òkúta, wọ́n kun ìdí igi máńgòrò. Ẹ̀yìn ọgbà nìkan ni ọ̀dà kò dé. Màdáámù náà kò dé ibẹ̀ rí. Ìkirè ló ti ń wá lójoojúmọ́, ọ́fíìsì rẹ̀ ló sì ń lọ tààrà.

Akọ̀wé àwùjọ náà ti pè é lórí fóònù. "Wọ́n ń bọ̀ wá wo ilé-ìwé yín." Nítorí náà Màdáámù to àga rẹpẹtẹ sábẹ́ ìbòòrùn, ó sì rán Tíṣà Rùfáì lọ sí ojú títì kó máa wo ọkọ̀ wọn.

Raliat dúró ti àwọn àga náà. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nǹkan kan. Fóònù Màdáámù tún dún, akọ̀wé náà ni.

"Màdáámù, ṣé wọ́n ti dé?"

"A ò tíì rí ọkọ̀ wọn, sà. Àwọn mélòó ni?"

"Àwọn mélòó kẹ̀? Ẹnì kan ni wọ́n. Màmá kan ni. Wọ́n ní àwọn ti kúrò nílé láti àárọ̀."

Màdáámù gbójú sókè. Obìnrin kan ṣoṣo tí kò mọ̀ nínú ọgbà náà ló dúró níwájú rẹ̀, ẹrẹ̀ ní ẹsẹ̀. Màdáámù kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ má bínú. Ọkọ̀ la ń wò, a ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn wá."

"Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni mo bá wá," ni Raliat wí.

"A mọ̀, mà. Òun náà la ń dúró dè."

"Ẹ̀ ń dúró dè é?"

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mà."

Raliat wò ó dáadáa. Ó jókòó. Wọ́n gbé dòdò Ìkirè àti míńírà tútù fún un, ó jẹ, ó mu. Lẹ́yìn náà wọ́n mú un káàkiri. Ó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ fi ń fọwọ́, omi kò jáde, ó tì í padà. Ó dé ibi tí wọ́n gbin igi sí lọ gbọọrọ, ó fa ọ̀kan. Igi náà tẹ̀lé e láìjà. Kò ní gbòǹgbò.

"Àná la gbìn ín, mà."

"Àná lẹ gé e," ni Raliat wí, ó sì gún un padà sílẹ̀ bó ṣe bá a. "Níbo ni ìdọ̀tí yín ń lọ?"

"Ilé-ìwé wa kì í ní ìdọ̀tí, mà."

"Àwọn ọmọ yìí kì í jẹ bisikíìtì?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́, mà."

"Wọ́n ń jẹ ọ̀rá rẹ̀ mọ́ ọn?"

Màdáámù rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ti rẹ́rìn-ín, àwọn tíṣà yòókù náà rẹ́rìn-ín.

"Mi ò ṣàwàdà," ni Raliat wí. "Mo ní kí ẹ dá mi lóhùn."

Ibẹ̀ ni Tíṣà Rùfáì ti dé láti ojú títì. Ọmọ Àpòmù ni.

"Màdáámù, n ò rí ọkọ̀ kankan o. Há, Ìyá Fàtíà, ẹ kú ilé. Oko ńkọ́?"

"Ta ni Ìyá Fàtíà?" ni Màdáámù béèrè.

"Àwọn nìyí, mà. Àwọn ló ń gbin kókò lẹ́yìn ọgbà wa."

Lójú kan náà, ẹ̀yin di ìwọ.

"Ìwọ! Kókò lo ń gbìn, lo wá jókòó sórí àga àlejò? O jẹ dòdò tí a rà dè wọ́n?"

"Ẹ̀yin lẹ gbé e fún mi."

"Ṣé mo mọ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ ò bi mí."

Màdáámù gba ìgò míńírà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku ìdajì. Dòdò ti lọ ní tirẹ̀.

"Ta ló da ìdọ̀tí sínú oko mi?" ni Raliat béèrè.

"Ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ lo rí wá béèrè ìyẹn? Rùfáì, mú un jáde kí wọ́n tó dé."

Rùfáì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ ló ń wò. "Ẹ má bínú, Ìyá Fàtíà. Ẹ padà wá lọ́la."

"Kí ni mo tún ń padà wá ṣe? Mo ti rí gbogbo ẹ̀."

Wọ́n nu àga tó jókòó lé. Wọ́n ra dòdò mìíràn. Àwọn ọmọ kọ orin ìkíni káàbọ̀ títí ohùn fi há, oòrùn kúrò lórí ìbòòrùn, kò sẹ́ni tó yà wọlé. Wọ́n ti ń kó àga padà nígbà tí akọ̀wé tún pè.

"Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́, wọ́n ti wò yín tán, wọ́n sì ti lọ, ẹni tó bá múlé tàbí tó dáko ti ilé-ìwé la máa ń yàn kó yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn ló ń rí ẹ̀yìn ọgbà, wọ́n wá ní kí n tó kọ èsì yín sílẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ dá àwọn lóhùn: ta ló da ìdọ̀tí sínú oko kókò àwọn?"