Wọ́n Gbé Abọ́ Qiuyan Sórí Tábìlì

Ó ku wákàtí méjì kí ọdún tuntun wọlé, Qiuyan sì jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, inú ń bí i burúkú.

Pang tó ń ṣọ́ ibùdókọ̀ náà wá dúró tì í. "Àǹtí, ẹni tó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè sùn síbí o."

Ó na tíkẹ́ẹ̀tì sí i bí ẹni fẹ́ fi gbá a létí. "Ọkọ̀ aago mẹ́fà àárọ̀. Ó tán, àbí ó kù?"

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Ọmọ mi, ṣé òtútù ò mú ọ? A ti gbé abọ́ tìrẹ sórí tábìlì o, bíi pé o wà láàárín wa."

Qiuyan tẹ fóònù náà pa bí ẹni tẹ aáyán pa.

Àánú ṣe Pang, ó bu omi gbígbóná fún un. "Ẹ fara dà á. Lọ́la ẹ máa délé."

"Ta ló sọ fún ọ pé ilé ni mò ń lọ?"

Ó nàka sí ilé alájà mẹ́fà tó wà ní òdìkejì títì.

"Àjà kẹta, ibi tí wọ́n fi fìtílà pupa kọ́ yẹn. Èmi ni mo rà á fún bàbá mi. Ìyàwó àbúrò mi ní dálémoṣú ò gbọ́dọ̀ sùn nílé bàbá rẹ̀ lálẹ́ ọdún, kó má baà kó oríburúkú ràn wọ́n."

"Háà! Màmá yín ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?"

Qiuyan fọwọ́ gbá àpótí tó jókòó lé.

"Àwọn ni wọ́n bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀."