Àyè Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́wàá

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ọdún 2071, Káńsẹ́lọ̀ Adéṣiyan fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ilé ìwòsàn Òkè-Ìdó. Nítorí rìbá, òfin ní kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá máa wà láàárín òṣèlú àti ará ìlú. Ẹ̀rọ orí òpó ló ń wọ̀n ọ́n. Òṣèlú tó bá sún mọ́ ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ipò rẹ̀ bọ́ nìyẹn.

Ìyá rẹ̀, Moyọ̀sọ́rẹ, ni ìlú rán wá gba ìwé náà. Ó dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró sí.

“Káńsẹ́lọ̀, ẹ káàárọ̀ o,” ó ń rẹ́rìn-ín.

“Màámi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ṣáà fọwọ́ síwèé. Alábòyún mẹ́ta ló ń retí ilé ìwòsàn náà nílùú.”

Adéṣiyan ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ ọ nílé. Kò tíì mú bírò tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀. Àyè náà ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin.

“Dìde, ọmọ mi! Dìde kíá!”

Ẹ̀rọ ti ké. Akọ̀wé wá kó ìwé náà kúrò lórí tábìlì.

Òkè-Ìdó pàdánù ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ náà.