Ajíbógun Dọ̀bálẹ̀, Kò Lè Dìde

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń ka ẹran inú ọbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ní ìlú Ìdó-Ọ̀pẹ, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ajíbógun, tó ń ta pákó. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìfura rẹ̀ pọ̀ jù. Bí o bá kí i lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, yóò máa wádìí ohun tí ò ń wá. “Ìfura loògùn àgbà” kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ọba ìlú fẹ́ fi í joyè Bàbálájé. Àṣà wọn ni pé ẹni tó fẹ́ joyè yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ọba, yóò sì dá dìde. Ẹni tí wọ́n bá fà dìde, oyè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ikùn Ajíbógun sì ti tóbi, orúnkún rẹ̀ ti le bí pákó tó ń tà. Ni Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, bá bá a wá Lérè, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ kọ́ àwọn ènìyàn ní eré ìdárayá nílé wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Lérè dá fún iṣẹ́ náà.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí a ṣe ń rọra lọ sílẹ̀ ni Lérè ń kọ́ ọ. Bó bá ti dùbúlẹ̀ tán, Lérè yóò fà á dìde. Ajíbógun ń wò ó tìfura-tìfura. Ṣé torí àtidùbúlẹ̀ lòun ṣe ń sanwó? Àbí ẹni tó ń bá òun du oyè ló rán an?

Lérè ní, “Bàbá, ẹ ti mọ bí a ṣe ń lọ sílẹ̀. Ìdìde ló kù, òun ló sì le jù.”

“Ṣebí àràárọ̀ ni mò ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mi? O kàn fẹ́ máa jẹ mí díẹ̀díẹ̀ ni. Má padà wá mọ́!”

Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀ ẹ́. “Bàbá Ṣọlá, bẹ́ẹ̀dì ga, ilẹ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀.”

“Ṣé ìwọ náà wà nínú rẹ̀ ni?”

Ọjọ́ ìwúyè pé. Ajíbógun lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, gbogbo ààfin pàtẹ́wọ́. Ọba mú ewé oyè lọ́wọ́, ó ní, “Dìde.” Ajíbógun fọwọ́ ti ilẹ̀, ikùn kò gbé. Ó tún gbìyànjú, orúnkún kọ̀. Òógùn bò ó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni gbogbo ààfin bá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó rọra béèrè pé, “Lérè dà?”

“Ẹ ní kò gbọdọ̀ padà wá mọ́.”

Ìjòyè méjì ló gbé e dìde. Wọ́n fi ẹlòmíràn joyè.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wádìí òṣìṣẹ́ dáadáa kí ẹ tó gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wádìí rẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kó parí iṣẹ́, torí ẹni tó sanwó àbọ̀, àbọ̀ iṣẹ́ ló máa rí. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n la fi ń lo oògùn. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.