Yàrá Kan ní Adó-Odò

Awakọ̀ náà fẹsẹ̀ wọn yàrá náà, ó rí i pé á gba bẹ́ẹ̀dì òun. Adó-Odò ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn tipẹ́. Ìgbàkígbà tó bá wá kí ìyá ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, oorun àsùngbádùn ló máa ń sùn, láìgbọ́ ariwo ìgboro Ṣàngó, níbi tó ń gbé, tó sì ti ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Màmá, ẹ jẹ́ kí n wá máa gbé níbí.”

Màmá, tó ń bó ẹ̀gúsí, dáwọ́ dúró. “Ìyàwó yín ńkọ́?”

“Iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè. Ó ní kí n kí yín.”

Irọ́ tó ti ń pa láti ọdún tó kọjá nìyẹn. Ṣàngó ni wọ́n sin ìyàwó rẹ̀ sí, àwọn ẹbí sì ti fẹnu kò pé ìyá tó darúgbó tó yìí kò gbọdọ̀ gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀.

Màmá bó ẹ̀gúsí mélòó kan sí i. “Bàbá Pamílẹ́rìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sí Ṣàngó.”

“Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?”

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí.” Kò gbójú sókè. “Tí ẹ bá ti ibẹ̀ wá, tí ẹ tún padà síbẹ̀, mo máa ń sọ fún ara mi pé ọmọ mi ń dúró dè yín nílé. Tí ẹ bá wá kó ẹrù yín dé síbí, ibo ni màá sọ pé ó wà?”



Màmá da ẹ̀gúsí náà sínú ọ̀rá, ó so ó, ó sì nà án sí awakọ̀ náà.

“Ẹ bá mi kó o fún un.”