Ọ̀rọ̀ Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Fẹ́ Sọ Níbi Ìgbéyàwó

Àlọ́ mi rèé o! Ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Odídẹrẹ́ lórí.

Ẹtu fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fún ọmọ Ìgalà, ó sì bẹ Ọ̀kẹ́rẹ́ pé kó gbẹnu sọ fún òun níbi ìgbéyàwó. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣètò ọ̀rọ̀ tó dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ń kọ́ ọ sórí, Odídẹrẹ́, tí kì í ro ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́, á bà sí ẹ̀ka ìtòsí.

"Ọ̀rẹ́, tún un sọ kí n gbọ́."

Ara fu Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó dárin:

Odídẹrẹ́, kí lo wá gbọ́?
*Tẹ̀rẹ̀nà!*
Ṣé o fẹ́ gbọ̀rọ̀ lẹ́nu mi ni?
*Tẹ̀rẹ̀nà!*

Ló bá fi ọ̀rọ̀ rere pamọ́. Ọjọ́ méje gbáko ló fi ń ké èébú sétí Odídẹrẹ́: "Ìyàwó, pẹ̀lẹ́ o! Ahun làwọn àna rẹ, ebi ni wọn yóò fi pa ọ́!"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí wọ́n tó pe Ọ̀kẹ́rẹ́, Odídẹrẹ́ ti fò síwájú, ó sì ka èébú náà láìku ẹyọ kan. Ìgalà fi ìwo lé e jáde.

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dìde. Ó wá ọ̀rọ̀ oyin títí, kò rí i. Ẹnu rẹ̀ kàn là fúnra rẹ̀: "Ìyàwó, pẹ̀lẹ́ o! Ahun làwọn àna rẹ..."

Ìyàwó bú sẹ́kún. "Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ̀yin náà?"

Ìgalà kó àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n padà láìmú ìyàwó lọ.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn: ohun tá a bá fi kọ́ ẹnu ni ẹnu ń sọ.