Òdòdó Kì í Purọ́

Kí aṣojú ìjọba tó dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo bu omikan ògì sí ìdí òdòdó haidirenja tí òfin ní kí kálukú gbìn sẹ́nu ọ̀nà. Omikan ni kì í jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ kúrò ní àwọ̀ aró. Bí eérú bá kan ilẹ̀ ibẹ̀, òdòdó á pọ́n bí osùn, wọ́n á ní o dáná igi tí òfin kà léèwọ̀, wọ́n á sì ti ilé ìdáná rẹ pa.

Wọ́n ti tèmi pa lọ́dún tó kọjá. Ìyá Olúfúnmiṣe, aládùúgbò mi tí ojú rẹ̀ kì í kúrò nínú ọgbà mi, ló lọ pè wọ́n wá. Nígbà tí mo ń sunkún, ó ní, "Òdòdó kì í purọ́, ìyàwó."

Aṣojú wo tèmi, ó kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Olúfúnmiṣe, ó dúró. Òdòdó tiẹ̀ ti pọ́n bí osùn.

"Mi ò dáná igi rí láti ìgbà tí òfin ti dé," ni màmá náà ń wí. Aṣojú ti ń kan pákó mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀. Màmá yíjú sí mi. "Ìyàwó, bá mi bẹ̀ wọ́n."

Mo fi ọwọ́ tí mo fi ń da eérú sọ́gbà rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta pamọ́ sábẹ́ ìró.

"Òdòdó kì í purọ́, mà."