Ọ̀dà Funfun Lára Ṣáàfù

Ọkọ̀ àtijọ́ náà tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mẹkáníìkì di ìjókòó mú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wà á.

"Ṣé ẹ so ṣáàfù yẹn dáadáa ṣá?" ni ìyàwó béèrè.

"Mo so ó."

Kó tó tú ṣáàfù, irin gígùn tó ń yí táyà ẹ̀yìn, ó ti fi ọ̀dà funfun sàmì sí i, ó sì sàmì sí ibi tó ti ń wọlé. Bí kò bá bọ́ sí ojú rẹ̀ gan-an, á máa gbọ̀n. Lórí eré, ó lè já, kó sì dojú ọkọ̀ dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó lẹ́bàá ọ̀nà ni. Funfun kojú funfun.

"Àbí ọ̀dà tí mo kùn ló wúwo jù?" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ọ̀dà wo?"

"Ti ṣáàfù. Mo bá yín fọ̀ ọ́, àmì yín bá parẹ́. Mo wá kun òmíràn síbi tó dán jù."

Mẹkáníìkì rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. "Ìyàwó mi, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Má tẹ bíréèkì lójijì."

"Mo ti gbé e kúrò tipẹ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí ló ń gbé wa lọ."